Ṣingọ́ọ̀mù Lára Káàdì

Màmá Mùíz ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa ní Èrúwà. Ọwọ́ wọn máa ń mọ́ tónítóní, wọn kì í sì í jẹun nídìí iṣẹ́.

Lánàá, wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ilé-ìwé wa. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, kì í gba ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tíṣà. Bí ó bá gba ìbéèrè, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Òun la sì máa fi ṣe ìdánwò gbígbọ́ lónìí. Ọ̀gá ilé-ìwé ní bí kò bá ṣiṣẹ́, ààtàn ni yóò lọ.

Màmá Mùíz ṣí i, wọ́n sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ṣingọ́ọ̀mù tí ènìyàn ti jẹ ni ẹnì kan fi lẹ káàdì tuntun tó ń gba ìbéèrè mọ́ inú rẹ̀! Ìgbẹ́ aáyán ti gan mọ́ ọn.

"Itọ́ ẹnu! Ọ̀bùn wo ló ṣe èyí?"

"Ẹ má bínú, Màmá Mùíz," ni tíṣà wa wí. "Ọkùnrin tó kọ́kọ́ tún un ṣe ní káàdì yẹn ló ń mì."

"Kò mì rárá! Nọ́ńbà kan náà ni òun àti káàdì ohùn fi ń pe kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ti ohùn kò ṣeé yí, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kí àbúrò dìde fún ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n fi ọ̀bẹ ha ṣingọ́ọ̀mù náà kúrò, wọ́n fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fún káàdì tuntun ní nọ́ńbà mìíràn. Ìbéèrè wọlé, ohùn sì jáde. A pàtẹ́wọ́.

Màmá Mùíz kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ṣingọ́ọ̀mù náà sínú bébà.

"Níbo ni ilé ọkùnrin náà? Ó gbàgbé ẹrù rẹ̀."