Rọ́bà Abẹ́ Ẹ̀rọ Ata

Ọjọ́ Túsìdeè ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dá mi lójú, nítorí aago ọwọ́ mi ni mò ń wò nígbà tí bàbá mi pè mí sí ìsàlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo padà sílé wa ní Ìgàndó.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ bàbá mi, ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata níbẹ̀. Orí rọ́bà táyà ọkọ̀ tó gé pẹlẹbẹ ló gbé ẹ̀rọ náà lé, ẹ̀rọ náà sì máa ń gbọ̀n bí ẹni ń jó bó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí ń bí bàbá mi nínú.

"Ohun tí ò dúró sójú kan, wíwó ló ń bọ̀ wá wó. Kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì àti bóòtù dè é mọ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá onílé, ẹ jẹ́ kó máa jó jàre. Bí ẹ bá dá a dúró, ilé yín ló máa bá wa jó ijó tó kù."

"Àbí ìwọ lo kàwé ni? Ẹnjiníà ló dúró yìí." Bàbá mi yíjú sí mi. "Sọ fún un."

Àgbàlagbà àdúgbò méjì jókòó ti bàbá mi. Mo mọ̀ pé ọkùnrin náà ló jàre. Gbogbo ilé ló ní ìwọ̀n ìyára tó fi ń gbọ̀n. Bí ti ẹ̀rọ bá bá a dọ́gba, gbígbọ̀n ilé á máa pọ̀ sí i, àfi bí nǹkan bá wà láàárín tó ń dín in kù. Rọ́bà yẹn ló ń dín in kù. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Bí bàbá ṣe wí náà ni."

Mo rò pé màá ṣàlàyé fún un tó bá ku àwa méjì. Mi ò ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yọ rọ́bà, wọ́n ti de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ògiri ṣọ́ọ̀bù sán. Mo fi han bàbá mi, ó ní òjò ni. Ó lè jẹ́ òjò lóòótọ́: ilẹ̀ wa rọ̀, búlọ́ọ̀kù yẹn ò sì lágbára. Mi ò lè búra pé ẹ̀rọ nìkan ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ògiri ya lulẹ̀, tó sì fọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà. Ní ọsibítù, wọ́n gé e.

Àwọn kan ní ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan ní Ṣáṣá ló wà, ó ń ṣọ́ ẹrù. Mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, ó wá dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà. Mo dúró ti òun àti bàbá mi. Ó tẹríba, ó na ọwọ́ tó kù.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọwọ́ òsì ni."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.