Omi Ẹyẹ Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga tó ẹnu kànga ilé wa, oko kan wà láàárín Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bá ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ yóò sọ pé màmá ti ń ṣarán. Ẹ̀yìnkùlé agbo ilé wa ni oko náà wà, láàárín kànga àti ilé ìdáná, kò sì fẹ̀ ju ibi tí èèyàn bí mẹ́wàá lè tò sí kírun. Ìyá arúgbó kan ló ń dá a, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ibẹ̀ lẹ máa bá a títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Yanrìn ni ilẹ̀ Èkó, ẹ̀fọ́ kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá máa ń kó eepo iṣu, ìpẹ́ ẹja, eérú ààrò àti ìgbẹ́ adìẹ jọ sí kọ̀rọ̀ kan títí wọn yóò fi jẹrà, yóò wá kó wọn bo yanrìn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti ata. Ewúro àti efinrin wà lẹ́bàá ògiri ní tiwọn, wọ́n ti dàgbà jù mí lọ. Nínú oko yìí ni gbogbo ilé ti ń jẹ ẹ̀fọ́, a kì í ra á lọ́jà.

Ṣùgbọ́n àwa nìkan kọ́ ni ìyá ń gbin ẹ̀fọ́ fún. Ebè tó sún mọ́ kànga, kò jẹ́ já ewé kan níbẹ̀. Ó ní ti àwọn ẹlẹ́nu kékeré ni: tata, ìgbín, kòkòrò, ẹyẹ. Ó da ojú àwọn ìkòkò fífọ́ délẹ̀ kí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lè sá oòrùn sábẹ́ wọn. Ó gbé àwo amọ̀ kan sórí òkúta, àràárọ̀ ló sì ń bu omi sí i fún àwọn ẹyẹ. Bí ọmọdé kan bá sọ òkò lu ọ̀pọ̀lọ́, ìgbálẹ̀ ọwọ́ ìyá kò ní pẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àlejò mi lẹ̀ ń lù yẹn," ni yóò máa wí. "Èmi ò lọ́mọ tó máa bá mi ṣa kòkòrò. Àwọn ló ń bá mi ṣa á."

Òótọ́ ni, kò ní ọmọ. Ẹyọ kan tó bí kú kó tó rìn, ọkọ rẹ̀ náà kú, ló bá padà sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ọmọ kan nínú ilé tí kò pọ̀n. Ó pọ̀n bàbá mi, ó pọ̀n mí.

Ìyá mi tó jẹ́ ìyàwó ilé máa ń bá a ṣeré. Yóò gbé ewé tẹ̀tẹ̀ sókè sí oòrùn, yóò fi ojú kan yọ láti inú ihò rẹ̀, yóò ní, "Ìyá, kòkòrò ti jẹun yó kí ẹ̀fọ́ yín tó kàn wá o."

Ìyá yóò dáhùn pé, "Wọ́n bá yín tọ́ ọ wò ni. Ewé tí kòkòrò ò lè jẹ, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?"

Àwọn méjèèjì yóò wá rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá. Ẹ̀fọ́ ti hù, oòrùn wá ń jó o. Àsìkò yẹn ni ara àbúrò mi gbóná. Ọmọ ọwọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Ìyá mi gbé e lọ bá Ìyá Ẹ̀yìnkùlé bí a ti máa ń ṣe, ìyá gbo efinrin, ó fún un sí ọmọ lẹ́nu. Nírọ̀lẹ́, ara ọmọ fẹ́ balẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ kejì, ó ti kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Ibà ló pa á, ibà tó ń pa ọmọ l'Ékòó nígbà yẹn, tó sì ń pa wọ́n títí dòní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, àwọn obìnrin ilé jókòó ti ìyá mi lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí ọ̀dá, omi ò sí fún ẹyẹ níbòmíràn ládùúgbò àfi inú àwo ìyá. Ẹ̀gà, ológoṣẹ́, àdàbà, gbogbo wọn wá, n kò rí wọn kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jókòó tì wọ́n lórí àpótí rẹ̀, ó ń sunkún ọmọ tó lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo òun àti àwọn ẹyẹ náà títí, ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ìyá mi gbé orí sókè, ó wo àwọn ẹyẹ náà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di ọjọ́ fídáù, gbogbo ilé ti gbà á gbọ́. Kò lọ́mọ, ọkọ ti kú, ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé sábẹ́ ìkòkò rẹ̀, ẹyẹ ń wá kí i láràárọ̀, efinrin rẹ̀ ló sì kẹ́yìn sí ọmọ lẹ́nu. Kí ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀.

Ó bi í pé, "Ìyá, kí lẹ̀ ń fi ẹyẹ ṣe?"

"Omi ni mò ń fún wọn."

"Ta ló rán yín?"

"Òùngbẹ tó ń gbẹ wọ́n ni."

Bàbá mi, tí obìnrin yìí pọ̀n ní kékeré, ń wo ilẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé yíjú sí ìyá mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo lọ́mọ. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Bí ìyá mi bá ní "rárá" lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba ẹjọ́ ọmọ rò ju ìyá ọmọ lọ. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Ó fa etí gèlè rẹ̀ bojú, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn géńdé ilé ló wá pa oko náà run. Wọ́n hú ewúro tòun ti gbòǹgbò, wọ́n fọ́ àwọn ìkòkò, wọ́n da omi gbígbóná sórí àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n wá da oògùn apakòkòrò kún ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi dúró lójú ilẹ̀ bí omi òjò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ wá wá omi wọn, wọn ò bá àwo, wọ́n mu èyí tó wà nílẹ̀. Ìró bí wọ́n ti ń já bọ́ lulẹ̀ ló jí mi. Ìyá ń ṣa òkú wọn sínú ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì tún ṣe tán títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Gààrí ló ń rẹ mu. Kí òjò ọdún yẹn tó parí, ó kú. Àwọn tó pè é ní àjẹ́ ló ṣe fídáù rẹ̀, wọ́n sì ṣe é ńlá. Wọ́n ra ẹ̀fọ́ lọ́jà se ọbẹ̀ fún àlejò, ewé tó ń dán, tí kò ní ihò kan lára.

Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ẹ̀fọ́ yẹn náà lẹ̀ ń rà báyìí, ẹ sì ń yìn ín. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa. Bí òjò bá rọ̀, omi ò ríbi wọlẹ̀ mọ́, yàrá ló ń yà sí. Nígbà tiwa, ilẹ̀ ń mu omi, ẹ̀fọ́ sì wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín pé ayé dára ju báyìí lọ. Àwa la fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́.

Ìyá mi pẹ́ láyé. Kò dárúkọ Ìyá Ẹ̀yìnkùlé létí mi rí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ fún un. Mo wá ṣàkíyèsí pé lójoojúmọ́, yóò bu díẹ̀ nínú omi mímu rẹ̀ sínú àwo kan, yóò gbé e sójú fèrèsé, yóò wá jókòó tì í. Mo rò pé ogbó ni.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ó ní, "Òùngbẹ lè máa gbẹ wọ́n."

Òun àti èmi jọ jókòó ti àwo náà títí oòrùn fi gbẹ omi inú rẹ̀. Títí ó fi kú, ẹyẹ kan ò wá.