Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Dákẹ́ Nípa Gìtá Bọ̀dá Mi

Ohùn náà ń ha létí bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú yàrá iwájú ilé wa ní Levenshulme, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sí, tó gbé gìtá lé itan, tó fajú ro. Ọdún tí mo dé Manchester ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wá, nítorí àìsàn kan ti wọ inú iṣan ara rẹ̀, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rọ. Wọn kò ní oògùn tó lè dá a dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣe kí ọwọ́ náà tó rọ. Ìyá wa ní Abẹ́òkúta bẹ̀ ẹ́ pé kó ta orin tó ta níjọ́ tí a sin bàbá wa, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí òun. Orin náà rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ṣùgbọ́n ibì kan wà láàárín tí ìka rẹ̀ máa ń sáré lórí okùn gìtá bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ibẹ̀ ni Màámi fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ náà ló le jù fún ọwọ́ tó ń rọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range yá a ní ańpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, èyí tó máa ń lò níbẹ̀ kó tó di pé kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ yẹn lágbára ju ilé wa lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, ọ̀sán ló sì ń sùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ta gìtá, obìnrin náà wá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó pè mí ní “love” bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn níbí, ó ní òun ò bínú o, oorun lásán lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìtìjú bá mi débi pé mo kúnlẹ̀ fún un. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú ni.

Aṣáájú akọrin wa ló wá gbé àpótí irin kékeré kan wá, irú èyí tí wọ́n ń fi sáàárín ańpù àti spíkà. Ó máa ń gba púpọ̀ nínú agbára ẹ̀rọ mọ́ra kí ìyókù tó dé spíkà, kí ohùn lè lọ sílẹ̀. Ohùn lọ sílẹ̀ lóòótọ́, nọ́ọ̀sì sì rí oorun sùn. Ìgbà náà ni a wá ń gbọ́ híha yẹn.

“Ọ̀gá, àbí ẹ̀mí burúkú ló wà nínú àpótí yìí ni?” ẹ̀gbọ́n mi bi í.

“Ẹ̀mí kọ́, wáyà ni,” aṣáájú akọrin dáhùn. “Wò ó, wáyà gìtá lo fi so spíkà! Tín-ín-rín báyìí? Ṣé o fẹ́ dáná sunlé onílé ni?”

Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí wáyà spíkà tó nípọn. Ó ṣì ń ha. Ó wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àpótí àti èyí tó wà lẹ́yìn spíkà, wọ́n bára mu. Wọ́n túbọ̀ yí bọ́tìnì àpótí náà sílẹ̀, híha náà kàn rẹlẹ̀ ni, kò lọ. Aṣáájú akọrin wá ní àwọn gílóòbù inú ańpù, àwọn tó ń fún ohùn lágbára, ló ti gbó, òun yóò bá wa ra tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọjú sí mi. “Àbúrò, ìwọ tó o dúró bí òpó iná yìí, ṣé o ò ní fún wa ní tíì ni?” Mo sá wọ kíṣìnì.

Ohun kan wà lára ańpù náà tí àwọn méjèèjì kò fọwọ́ kàn. Bọ́tìnì fólúùmù rẹ̀ wà ní mẹ́sàn-án, sẹ́lótéèpù sì dì í mọ́bẹ̀. Aṣáájú akọrin ló lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ańpù ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí aṣáájú akọrin bá lẹ téèpù mọ́, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i. Arákùnrin kan dán an wò nígbà kan, oṣù kan gbáko ni wọn kò fi jẹ́ kó bá akọrin dúró. Ó ti pẹ́ tí téèpù yẹn ti wà níbẹ̀ débi pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ gan-an kò rí i mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, mo sì ń nu eruku nínú yàrá. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Mo fi èékánná ká téèpù náà díẹ̀díẹ̀, mo yí bọ́tìnì sílẹ̀ sí mẹ́ta, mo wá yí ti àpótí sókè díẹ̀ kí n lè gbọ́ nǹkan. Mo fi àtàǹpàkò fa okùn gìtá kan. Ohùn tó jáde mọ́ bí omi àmù. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé inú ańpù ni ohùn ti ń fọ́ kó tó dé àpótí rárá, nítorí a ti yí i sókè jù. Ohùn tó ti bàjẹ́ ni àpótí kàn ń bá wa dín kù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù àti àtẹ́wọ́ ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo yí gbogbo rẹ̀ padà, mo sì lẹ téèpù náà sí àyè rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi etí aṣọ tẹ̀ ẹ́ kó lè dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ta ni mí tí n óò fi sọ fún ọkùnrin tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n tó bí mi pé òun gan-an ló fa wàhálà? Mo pè é ní ọ̀wọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi retí gílóòbù. Ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ keje, ẹ̀gbọ́n mi máa ń ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òjò àárín náà á rọ̀ dáadáa, èmi á sì mú fóònù dání.

“Bọ̀dá mi, ṣé kí n gbà á sílẹ̀?”

“Rárá, ó ń ha. Màámi á rò pé ilé ìlọta ni mo ń gbé. Jẹ́ kí gílóòbù dé ná.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó dúró, ó wo ìka rẹ̀, ó ní ó rẹ òun.

Gílóòbù dé, aṣáájú akọrin fi wọ́n sí i, ó ṣì ń ha. Ẹ̀gbọ́n mi gbórí lé gìtá. Ìgbà yẹn ni mo wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n yọ téèpù yẹn.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kí wọ́n tó gbọ́.

“Háà! Òpó iná sọ̀rọ̀!” aṣáájú akọrin wí. “Yọ ọ́ jàre.”

Mo yọ ọ́, mo sì yí bọ́tìnì sílẹ̀ sí mẹ́ta. Nígbà tí ohùn mọ́, aṣáájú akọrin pariwo halelúyà, ó wá di orí mú. “Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ o! Àbúrò, o ṣeun.” Kò bínú rárá. Ẹni tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn.

Mo tẹ fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ìka rẹ̀ kò tẹ okùn mọ́. Ó gbìyànjú nígbà mẹ́ta. Nígbà kẹrin, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó dákẹ́ títí ibẹ̀ yóò fi kọjá, ó wá ta ìyókù parí.

“Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀,” ó ní. Ó wò mí. “Ìgbà wo lo mọ̀ pé téèpù ni?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni, sà.”

“O gbọ́n,” ó ní.

A sin ín ní ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi náà ti wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí. Níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mò ń ṣe, wọ́n ní ẹnu mi ti là. Màámi máa ń gbọ́ orin náà ní gbogbo Sunday kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá dé ibi tí gìtá ti dákẹ́, á sọ fún àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, “Ẹ dúró ná, àdúrà ló ń gbà níbẹ̀ yẹn.” Mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù, mo sì máa ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mo mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀sán méje ni mo fi gbọ́ ọ, tó pé, tí fóònù wà lọ́wọ́ mi.