Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Kà fún Bàbá Alábọ́

Òórùn yàrá tí a ti ń ka ìròyìn kò tíì kúrò nímú mi: kápẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rinrin Abidjan ti wọ̀, àti eruku tó ń jó lórí ẹ̀rọ tó gbóná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìrọ̀lẹ́, n ó lọ ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì oníṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rédíò. Ẹ̀yin ojúgbà mi mọ bí a ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwòkọ́ṣe wa. Mo máa ń fi eyín di pẹ́ńsùlù mú, n ó máa kàwé sókè títí ahọ́n mi yóò fi já geere. Ọ̀gá wa á na àtàǹpàkò sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì: "C'est Londres même!" Lọ́ńdọ̀nù gan-an nìyí, ló ń wí. Orí mi á sì wú.

Ní ọjà Adjamé, bàbá kan wà, ará Ṣakí, tó ń ta abọ́ tánganran. Ó ti tajà ní Kùmásí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó wá sọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà dáadáa. Faransé ni kò gbọ́. Lójú tèmi, ìròyìn mi ló fi ń mọ ohun tí ìjọba ń wí. Bí ohùn mi bá ti jáde, á pa oníbàárà lẹ́nu mọ́: "Ẹ dákẹ́, karamọ́gọ̀ wa ń sọ̀rọ̀!" Bí àwọn Jùlá ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo ka ìkéde kan lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fẹ́ tún apá kan ọjà náà kọ́. Kí ẹni tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsọ̀ rẹ̀ yóò di ti ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí ahọ́n mi ti kọsẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì náà kọjá, mo lọ sí ìsọ̀ bàbá, kí n lè gbọ́ oríyìn tèmi.

"Ohùn rẹ dùn ju oyin lọ," ni bàbá wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ti forúkọ ìsọ̀ sílẹ̀?"

"Orúkọ wo?"

"Èyí tí mo kà lórí rédíò! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á!"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń nu abọ́, bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó dúdú! Ta ló gbọ́ ohun tí ò ń wí? Bàbá yìí kàn ń mi orí ni."

Bàbá wolẹ̀. "Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì tèmi ni kò tó."

A sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Àwọn gbaka, bọ́ọ̀sì kéékèèké ìlú náà, ti dí ojú ọ̀nà pa, a ń gba àárín èrò, bàbá di etí agbádá rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan ti ń ti fèrèsé. "C'est fini, le vieux." Ó ti parí, bàbá àgbà, ló wí. Ìsọ̀ tó kọjú sí ibùdókọ̀, tí bàbá ti jókòó sí fún ọdún gbọọrọ, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n fún un, níbi tí omi òjò ń dúró sí, tí oníbàárà kì í sábà dé. Kò bá mi wí. Ó ní kádàrá ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìròyìn bí ẹni pé bàbá ló jókòó níwájú mi: díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé lẹ́nu. Ọ̀gá mi bínú. "Londres est parti où?" Lọ́ńdọ̀nù ti lọ síbo, ló bi mí, kò sì pẹ́ tó fi gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n fi imú sọ. N kò jà.

Mo ṣì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì tó dán, n kò ní purọ́; bí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò, ara mi a máa yá. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn tán. Títí bàbá fi kú ló gbà pé òun ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé èmi ni n kò bá a sọ̀rọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ gbá mi léjìká, kò gbà mí gbọ́.