Omi Ewúrẹ́ Tí Ìyá Anwar Bù

Ẹ má tíì dá Àsmá'ù lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Anwar, tó ń fi ẹ̀rọ yẹ omi mímu wò ní Ìbàdàn. Láti Fìdítì tí Àsmá'ù ń gbé sí Ìbàdàn, ọ̀nà wo ló jìn níbẹ̀? Síbẹ̀, Iléyá méjì ti kọjá, Anwar ò yọjú. Fóònù ló fi ń kí ìyá ẹ̀, owó ló ń fi ránṣẹ́. Ṣé owó ni wọ́n fi ń wo ojú ọmọ ni?

Ìgbà tó sáré wálé kẹ́yìn, kànga ìyá ẹ̀ ló bàjẹ́. Láyé àtijọ́, wọ́n á kọ́kọ́ sin kòkòrò àìfojúrí inú omi fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó pọ̀ débi tí wọ́n á rí i. Ẹ̀rọ tuntun yìí, àmì tí Ọlọ́run dá mọ́ kòkòrò lára ló ń wá, èsì á sì jáde lọ́jọ́ náà. Bó ṣe jáde ni Anwar gbé oògùn omi dé kílẹ̀ tó ṣú, ó sì sùn nílé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Háà, inú ìyá ẹ̀ dùn!

Nítorí náà, nígbà tí Joel, ọkùnrin tó ń lọ káàkiri ìlú bu omi fún ilé iṣẹ́ Anwar ní Ìbàdàn láti yẹ̀ wò, gbé ìgò dé, Àsmá'ù ní kó jókòó, òun á bá a bù ú ní kànga. Kànga kọ́! Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó bu omi inú agbada tí ewúrẹ́ ń mu, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ kó lè mọ́ lójú.

Ó se ọbẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀kadà tó bá dúró, ọkàn ẹ̀ á fò sókè. Nírọ̀lẹ́, fóònù ló dún.

"Màámi, èwo lẹ ṣe yìí?" Anwar ń rẹ́rìn-ín. "Àmì kòkòrò inú ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ẹ̀rọ rí nínú omi yín. Ewúrẹ́ wo ló ṣí ìdérí kànga? Mo gbọ́ pé omi yín bàjẹ́, mo ti gbé báàgì kí n tó rí i pé ti ewúrẹ́ ni. Ó dáa, mi ò wá mọ́ nìyẹn."

Ojú ti Àsmá'ù, inú sì tún bí i. "Anwar, ẹ̀rọ yín mọ ìgbẹ́ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ti èèyàn. Kò wá lè sọ fún ẹ pé àárò ẹ ló ń sọ ìyá ẹ?"

Ẹ̀rín dá. Àsmá'ù gbọ́ tí Anwar ń fa imú, bó ṣe máa ń fà á ní kékeré tó bá fẹ́ sunkún. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra, àmọ́ fóònù lásán ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.