Fáyólíìnì tí mo pọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rán mi láti gbé fáyólíìnì tí wọ́n fẹ́ fi kọrin níbi ìgbéyàwó wá sí Bódìjà. Wọ́n kìlọ̀ pé kóòrùn má pa á, torí ọ̀dà dídán tó wà lára igi rẹ̀ máa ń yọ́ nínú ooru. Àpótí rẹ̀ ti bàjẹ́, mo bá fi aṣọ ankara pọ̀n ọ́n bí ọmọ.

“Ìyá fáyólíìnì, ṣé ọmọ ti mu ọyàn?” obìnrin kan kígbe l'Ágbowó. Ojú tì mí, mo ń sáré, òógùn bò mí.

Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Bódìjà, ọ̀dà náà ti yọ́, ojú òwú ankara sì ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

“Mo ní kóòrùn má pa á; ṣé ara tìẹ kì í gbóná ni?” ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Wọ́n fi í kọrin bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó náà, tòun ti àmì ankara lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè wòkè.