Àfòmọ́ Orí Igi Ọsàn Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí fóònù ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àdúgbò wa ní Ìgàndó, igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé wa. Bàbá Àgbà ló gbìn ín kó tó kú. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkúta sí i. Ẹni tó bá dán an wò yóò kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ sókè títí àwọn yòókù yóò fi jẹ ẹ̀bà tán.

Èmi àti Sẹ̀mú àbúrò mi la máa ń gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ibẹ̀ la ti ń ṣa èso wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ láti ara àfòmọ́ tó hù sórí ẹ̀ka kan. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, ó sì ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. A ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí bíi yẹtí. Nígbà tí ìyẹn sú wa, a gun igi, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù kó tó já ló jáwé olúborí. Títí dòní ni Sẹ̀mú ń búra pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò ju ọdún méjì lọ tí àfòmọ́ fi bo igi náà. Àfòmọ́ tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ọsàn ń pọ́n, ó ń já. Ọsàn mẹ́ta péré ló so. Bàbá Káfíńtà, aládùúgbò wa, ní kí wọ́n kúkú gé e lulẹ̀ fi dáná. Ìyá Àgbà jókòó sídìí igi, ó ń ṣa ewé tó já. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jẹ́wọ́ eré wa.

Ìyá Àgbà nawọ́ sí ẹyẹ kan tó ń jẹ èso àfòmọ́, tó sì ń nu èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu sára ẹ̀ka. "Àṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá ẹyẹ ṣiṣẹ́."

Kò nà wá. Ó ní àwa la ó máa pọn omi kànga fún igi náà títí òjò yóò fi dé, kí Bàbá Káfíńtà sì gé kìkì ẹ̀ka tí àfòmọ́ wà. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́, ó ń kí àfòmọ́ ní pẹ̀lẹ́.

"Màmá, olè lẹ̀ ń kí yẹn o," ni Bàbá Káfíńtà wí.

"Kò ní gbòǹgbò tó kanlẹ̀," ló dá a lóhùn. "Ibo lẹ fẹ́ kó ti jẹun? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ ẹni tó pọ̀n ọ́n tán, òun náà kú nìyẹn."

Korobá bó àtẹ́lẹwọ́ wa, àmọ́ igi náà rúwé. Lọ́dún kẹta, ó so, ó dùn.

Wọ́n ti da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé yẹn báyìí, ọsàn inú páálí sì làwọn ọmọ ìwòyí mọ̀. Mo gbin tèmi sí Ayọ̀bọ̀. Láìpẹ́ yìí, mo rí àfòmọ́ kékeré lórí rẹ̀, mo gé e kíá.

Ọmọbìnrin mi tó dúró tì mí wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mọ́mì, ta lẹ̀ ń kí ní pẹ̀lẹ́?"